Kí Ọmọ Yín Tó Pé Ọdún 18 ní Ìlú Ọba

Ọ̀pọ̀ òbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ìlú Ọba ṣì gbà pé bí ọlọ́pàá bá mú ọmọ àwọn, àwọn á sáré dé àgọ́, àwọn á bẹ ọ̀gá wọn, ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ níbí. Ọmọ tí kò tíì pé 18 ní ẹ̀tọ́ sí àgbàlagbà tí yóò jókòó tì í bí ọlọ́pàá bá ń fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Ẹ̀yin gan-an lè jẹ́ àgbàlagbà náà. Bó bá ti pé 18, ẹ̀tọ́ yín láti wọlé tán. Bí kò bá ní kí wọ́n ránṣẹ́ sí yín, ó lè sùn sí àtìmọ́lé kí ẹ máa rò pé ilé ọ̀rẹ́ ló wà. Torí náà, ẹ kọ́ ọ ní gbólóhùn kan: "Mo fẹ́ rí lọ́yà." Ọ̀fẹ́ ni lọ́yà àgọ́ ọlọ́pàá, fọ́mọdé fágbà.

A tọ́ ọmọ wa láti má ṣe bi àgbà pé "kí ló dé?" Ṣùgbọ́n bí ọlọ́pàá bá fẹ́ yẹ ara ọmọ náà wò lójú pópó, kó béèrè, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀: kí lẹ ń wá, kí nìdí, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ àkọsílẹ̀ àyẹ̀wò náà. Kó má sá, kó má jà.

Ọ̀bẹ kò gbọ́dọ̀ wà lápò rẹ̀ rárá. "Mo fi ń dáàbò bo ara mi ni" kò gbà á lọ́wọ́ òfin.

Èyí tí ọ̀pọ̀ òbí kò fura sí ni àkáǹtì bánkì. Ọ̀rẹ́ á ní kó jẹ́ kí owó kan gba àkáǹtì rẹ̀ kọjá, òun á fún un ní díẹ̀ níbẹ̀. Owó jìbìtì ni! Ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè tó ọdún 14, bánkì á sì ti àkáǹtì náà pa.

Àwọn ẹ̀tọ́ mìíràn ń bọ̀ pẹ̀lú 18: ó lè dìbò níbí pẹ̀lú ìwé ìrìnnà Nàìjíríà, torí pé ọmọ Commonwealth ni. Yunifásítì kò sì ní sọ èsì ìdánwò rẹ̀ fún yín láìjẹ́ pé ó gbà, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yin lẹ ń san owó.

Ọ̀rọ̀ ìwé ọmọ onílùú ló le jù. Àwọn ọ̀nà kan wà tí ọmọ fi ń gbà á tó jẹ́ pé wọ́n máa ń tì lọ́jọ́ tó bá pé 18. Láti ọmọ ọdún 10 ni Home Office sì ti ń wo ìwà rẹ̀ kí wọ́n tó fún un. Ẹ lọ bá agbẹjọ́rò tó mọ òfin ìwọ̀lú nísinsìnyí, kí ọjọ́ ìbí náà tó dé.