Ti Odò Ọ̀ṣun Bẹ̀rẹ̀, Àbúrò Mi

Àbúrò mi, wá gbọ́ ọ̀rọ̀ kan kí o tó wọ kíláàsì lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Má tíì kọ orúkọ kọ́ńtínẹ́ǹtì méjèèje sójú bọ́ọ̀dù. Ọmọ ọdún mẹ́fà á fi kọrin fún ọ, á sì ti gbàgbé kó tó délé. Omi tó mọ̀ ni kí o fi bẹ̀rẹ̀.

Wá bèésìn kan àti amọ̀ díẹ̀. Mọ amọ̀ náà bí òkè sí ìdí bèésìn, kí o máa da omi sí i díẹ̀díẹ̀ títí tí yóò fi ku ṣóńṣó orí òkè náà nìkan. Erékùṣù nìyẹn. Ní kí àwọn ọmọ tọwọ́ bọ omi. Ọ̀pọ̀ wọn ló rò pé ńṣe ni erékùṣù léfòó bí ọkọ̀ ojú omi. Ìgbà tí ọwọ́ wọn bá tọ ilẹ̀ náà dé ìsàlẹ̀, wàá rí i bí ojú wọn yóò ṣe là. Má ṣàlàyé ṣáájú o, wàá ba adùn rẹ̀ jẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ jọ tọ odò Ọ̀ṣun lọ. Láti ilẹ̀ Èkìtì ló ti ń bọ̀, ó kọjá lára igbó Òṣogbo tí UNESCO kà mọ́ ohun àjogúnbá àgbáyé lọ́dún 2005, ó sì forí lé gúúsù títí ó fi já sínú ọ̀sà ní ìhà Ẹ̀pẹ́. Ọ̀sà ló ń gbé e fún òkun. Àwọn ọmọ Iléṣà náà lọ́rọ̀ níbẹ̀: ẹrẹ̀ ibi tí wọ́n ti ń wa wúrà nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà wà lára ohun tó mú kí omi náà pọ́n dé Òṣogbo. Bí o bá kó wọn lọ wò ó, orí afárá ni kí ẹ dúró sí. Kí ẹnikẹ́ni má bù ú mu.

Wá bi wọ́n pé: ta ni ìyá rẹ̀ ń lọ ra ọjà ní Ìdúmọ̀tà tàbí Balógun l'Ékòó? Orí erékùṣù ni ọjà méjèèjì wà. Ní kí ẹni tó bá ti gba Third Mainland Bridge kọjá rí ròyìn rẹ̀. Afárá tí wọ́n ṣí lọ́dún 1990 yẹn gùn ju kìlómítà 11 lọ. Lọ́ńdọ́ọ̀nù tí àǹtí wọn wà ńkọ́? Orí erékùṣù ni òun náà.

Máàpù ara ògiri a máa tanni jẹ, mo fẹ́ kí o mọ̀. Lórí ọ̀pọ̀ rẹ̀, Greenland, erékùṣù tó tóbi jù láyé, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó Áfíríkà, bẹ́ẹ̀ Áfíríkà tóbi jù ú lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 14. Bó ọsàn kan, kí wọ́n gbìyànjú láti tẹ́ èèpo rẹ̀ pẹrẹsẹ sórí tábìlì. Yóò fàya. Kí ayé má baà fàya lórí bébà ni wọ́n ṣe ń na àwọn ibì kan gùn.

Erékùṣù Kúbà ni mo fi pamọ́ de ìgbẹ̀yìn. Òrìṣà Ọ̀ṣun ni wọ́n ń pè ní Ochún níbẹ̀, ìlú Matanzas sì ní ìlù tí wọ́n ń pè ní Iyesá, orúkọ Ìjẹ̀ṣà gan-an. Ní Bràsíl náà wọ́n ń lu ìjẹ̀ṣà. Bi wọ́n bóyá erékùṣù ni Bràsíl, kí wọ́n wá a lórí máàpù. Wọn yóò béèrè bí àwọn èèyàn wa ṣe dé ọ̀hún. Má parọ́ pé òwò ni wọ́n bá lọ. Sọ pé ẹrú ni wọ́n kó wọn, àti pé ọdún 1886 ni oko ẹrú tó dópin ní Kúbà. Ìyẹn tó fún àwọn kékeré. Ìyókù di kíláàsì kẹrin.

Bí òbí kan bá wá fajú ro pé o ń kọ́ ọmọ òun lórò, má bá a jà. Rẹ́rìn-ín sí i, kí o ní kó wo orúkọ ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tó wà lára nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀.