Títún Ojú Ara Ọkọ̀ Òfurufú Kékeré Ṣe



Iṣẹ́ ọwọ́ tí mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí yìí lè dà bí eré ọmọdé lójú ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi sùúrù ṣe é yóò rí i pé ìṣirò ń bẹ nínú rẹ̀, ìtàn ń bẹ nínú rẹ̀, ẹ̀kọ́ òtítọ́ sì ń bẹ nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Iṣẹ́ náà ni títún ojú ara àwọn ọkọ̀ òfurufú kékeré ti àtijọ́ ṣe, èyíinì ni àwọn oníke tí a ń tà ní wẹ́wẹ́ nínú páálí, tí olùrà yóò fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀ fúnra rẹ̀.

Ilé iṣẹ́ Airfix ní ìlú London, tí a dá sílẹ̀ ní 1939, mú ọkọ̀ òfurufú oníke rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde lẹ́yìn náà. Spitfire ni. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú 72, èyíinì ni pé ínṣì kan lára rẹ̀ dúró fún ẹsẹ̀ bàtà 6 lára ọkọ̀ gidi. Apá Spitfire gidi gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 36 àti ínṣì 10 láti ṣóńṣó kan dé èkejì. Nítorí náà ti kékeré yẹ kí ó fi díẹ̀ ju ínṣì 6 lọ.

Spitfire kì í ṣe àjèjì sí wa pátápátá. Ní 1941, ní Hawkinge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a tún dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú kan sílẹ̀ tí ń jẹ́ 91 Squadron. Orúkọ Nàìjíríà ni a fi pè é, nítorí owó tí àwọn ènìyàn ilẹ̀ wa dá láti fi ra Spitfire nígbà ogun. Ohun tí àwọn baba wa dáwó fún kò yẹ kí a ṣe é ní ìṣekúṣe.

I. ÀLÉÉBÙ ÀWỌN TI ÀTIJỌ́

Bí a bá fi ọwọ́ pa ara púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ oníke tí a ṣe láàárín 1950 sí 1970, a ó rí i pé orí ìṣó yọ gọnbu gọnbu lára wọn, àwọn ìlà ibi tí páànù ti pàdé páànù sì ga sókè dípò kí wọ́n jìn. Kí ló fà á? Inú irin ni a ń ti ike yíyọ́ sí kí ó tó gba àwòrán ọkọ̀. Ó rọrùn fún oníṣẹ́ láti gbẹ́ ìlà sínú irin. Ṣùgbọ́n ìlà tí ó jìn lára irin ni yóò ga lára ike. Bí ọmọdé bá fi ìka fa ìlà sára amọ̀ tútù, tí ó sì da ìda yíyọ́ sórí rẹ̀, ohun kan náà ni yóò rí.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò ó. Bí orí ìṣó kan lára ike bá fẹ̀ ní ìdajì mìlímítà, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 72: ó di mìlímítà 36. Ọkọ̀ wo ni a fi ìṣó tí orí rẹ̀ fẹ̀ ju ọmọrí ìgò lọ kàn?

Bẹ́ẹ̀ sì ni, àwọn tí ó ṣe Spitfire gidi sa gbogbo agbára wọn láti rì orí ìṣó wọlé, kí atẹ́gùn lè ré kọjá lára rẹ̀ láìsí ìdíwọ́. Iṣẹ́ yìí ń gba àkókò, wọ́n sì fẹ́ mọ ibi tí ó ti ṣe dandan. Wọ́n mú èso ẹ̀wà òyìnbó kan tí a là sí méjì, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí àwọn ìṣó náà, wọ́n sì fò ó. Eré ọkọ̀ náà dín ní nǹkan bí máìlì 22 ní wákàtí kan. Lẹ́yìn náà wọ́n ń ṣí ẹ̀wà náà kúrò díẹ̀díẹ̀, títí wọ́n fi mọ ibi tí ìṣó olórí róbótó kò ti ní pa eré lára. Ẹ kíyè sí i: ohun tí àwọn aṣelọ́pọ̀ gidi ń sá fún ni oníke àtijọ́ fi ṣe ọ̀ṣọ́.

II. BÍ A ṢE Ń TÚN UN ṢE

Èkíní, kí a má ṣe kọ́kọ́ fá a. Èmi fúnra mi fá gbogbo ara ọkọ̀ kan tán kí n tó mọ̀ pé n kò mọ ibi tí ìlà kankan wà mọ́. Ìlà tí ó ga ni atọ́nà wa. Kí a fi téèpù líle lẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nítorí téèpù a máa tẹ̀ lé ara tí ó ṣe róbótó, ṣùgbọ́n rúlà irin kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà kí a fi abẹ́rẹ́ tí a kì bọ igi fa ìlà tuntun lẹ́gbẹ̀ẹ́ téèpù náà. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í nini lára: fífà fẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin sàn ju fífà kan tí a fi agbára ṣe, nítorí abẹ́rẹ́ tí a bá tẹ̀ jù a máa ṣìnà. Bí ó bá sì ṣìnà, kí a fi pọ́tì dí i, kí ó gbẹ, kí a tún un fà.

Èkejì, kí a wá fi sáńpépà tí a rì sínú omi fá àwọn ìlà gíga àti orí ìṣó kúrò: kí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 400, kí a lọ sí 600, kí a fi 1000 parí rẹ̀. Kí a fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ògbólógbòó gbá eruku kúrò nínú ìlà.

Ẹ̀kẹta, kí a má ṣe fa ìlà páànù sí ibi tí kò sí páànù. Aṣọ ni a fi bo ìtọ́kọ̀ Spitfire ti ìgbà náà. Eegun abẹ́ aṣọ nìkan ni ó yẹ kí ó hàn níbẹ̀, fẹ́ẹ́rẹ́.

III. Ọ̀DÀ ÀTI ÀMÌ ÌLÒ

Lẹ́yìn tí a bá ti kun ọkọ̀, tí fániṣì orí rẹ̀ sì ti gbẹ dáadáa, kí a fi tọpẹ́ntáìnì la ọ̀dà olóròóró, kí ó ṣàn wọ inú ìlà, kí a sì fi aṣọ nu ìyókù. Kí ọ̀dà náà má ṣe dúdú kirikiri. Àwọ̀ eérú tí ó ṣú díẹ̀ tó, nítorí ẹni tí ó dúró ní òkèèrè kì í rí ìlà páànù bí ẹni pé a fi yíǹkì kọ ọ́.

Àmì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ìdí tirẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ òsì ni ilẹ̀kùn awakọ̀ wà; nítorí náà ìdí apá òsì ni ọ̀dà ti ń bó, níbi tí bàtà ń tẹ̀. Èéfín ẹ́ńjìnnì ń jáde ní ẹ̀gbẹ́ imú méjèèjì, atẹ́gùn a sì gbá a lọ sẹ́yìn, kì í lọ síwájú. Wọ́n a máa fi aṣọ pupa lẹ̀ ẹnu ìbọn tí ó wà létí apá, kí òtútù àti ìdọ̀tí má bàa wọlé. Bí ìbọn bá yìn, aṣọ a ya, èéfín a sì kun abẹ́ apá. Ẹni tí ó bá fi aṣọ pupa sílẹ̀ ní odindi, tí ó tún fi èéfín kun abẹ́ apá, ẹnu méjì ni ó fi ń sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, láìpẹ́ a ó dúró níwájú àwọn ọmọdé. Bí ọmọ kan bá na ìka sí iṣẹ́ wa tí ó sì bèèrè pé, "Olùkọ́, kí ló fa àmì yìí?", kí a lè dá a lóhùn. Àmì tí a kò bá lè sọ ìdí rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a fi sáńpépà pa á rẹ́.