Àpò Ọjà Láti Ara Ṣòkòtò Jíìnsì

Láti ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2025 ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti fi òfin de ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí àwọn ọlọ́jà fi ń di ọjà fún wa. Ọ̀rá wọ̀nyí wà lára ohun tó ń dí gọ́tà ní Mùṣín àti Sùúrùlérè nígbà òjò. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni a ó máa fi gbé ọjà wálé? Kò di dandan kí a ra àpò tuntun.

Ẹ lọ sí ọjà Yábàá, ẹ ó rí òkìríkà tí wọ́n kó jọ bí òkìtì. (Òkìríkà ni orúkọ ìlú kan ní ẹ̀bá Port Harcourt. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ojú omi máa ń já irú aṣọ bẹ́ẹ̀ sí láyé ọjọ́un, ni orúkọ ìlú bá mọ́ aṣọ lára.) Nínú òkìtì náà ni ṣòkòtò jíìnsì wà, tí orókún rẹ̀ ti ya, tí síìpù rẹ̀ ti bàjẹ́. Ta ló fẹ́ wọ̀ ọ́ mọ́? Bóyá irú rẹ̀ wà nílé yín pàápàá.

Kí ẹ tó gé e, ẹ nà án sókè sí oòrùn. Bí ìmọ́lẹ̀ bá yọ lára rẹ̀ bíi ti asẹ́, ó ti gbó nìyẹn. Ẹ yẹ inú itan wò dáadáa, nítorí ibẹ̀ máa ń ra ara wọn bí a bá ń rìn.

Ẹ gé ẹsẹ̀ kan láti ìsàlẹ̀ ìdí dé òkè orókún, bí ínṣì 15. Ẹ dojú rẹ̀ dé, kí ẹ rán ìdí rẹ̀ pa lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ṣẹ́ ẹnu rẹ̀ po, kí ẹ rán an. Ó ti di àpò. Lára ẹsẹ̀ kejì ni kí ẹ ti gé ọwọ́ méjì, fífẹ̀ ínṣì 3, gígùn ínṣì 20. Ẹ ṣẹ́ etí méjèèjì wọ àárín, kí ẹ rán an mọ́lẹ̀.

Ibi tí ọwọ́ ti pàdé àpò gan-an ni iṣẹ́ wà o! Bí ó bá já ní àárín ọjà Ojúwòyè, epo pupa dà nù nìyẹn, owó ọbẹ̀ sì lọ. Ẹ wo igun àpò ṣòkòtò náà, ẹ ó rí bàbà róbótó kékeré. Télọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, Jacob Davis, ló dá ọgbọ́n yẹn, nítorí pé igun àpò ni ṣòkòtò àwọn òṣìṣẹ́ ti máa ń ya. Òun àti Levi Strauss gba ìwé àṣẹ ìjọba lé e lórí ní ọdún 1873. Àwa kò ní bàbà, ṣùgbọ́n a ní òwú. Ẹ ki ọwọ́ náà bọ inú àpò ní ínṣì 2, kí ẹ rán an yíká ní igun mẹ́rin, kí ẹ tún fa òwú láti igun dé igun bí àgbélébùú. Bí máṣíìnì kò bá lè gún un, ẹ fi abẹ́rẹ́ ńlá àti òwú oníṣẹ̀ẹ́po méjì rán an lọ́wọ́. Kì í ṣe iṣẹ́ ìkánjú.

Lẹ́yìn náà, ẹ di ẹrù tó wúwo sínú rẹ̀, kí ẹ gbé e kọ́ sára ìlẹ̀kùn di ọjọ́ kejì. Bí òwú bá ti yọ, ẹ tú u, kí ẹ rán an ṣe.

Àjákù tó bá kù, ẹ ká a di òṣùká fún aláàárù.