Òkun ń wu àwọn ọmọ wa ní Ìgànná

Ìbéèrè: Ìgànná la ń gbé. Àwọn ọmọ mi ò rí òkun tàbí erékùṣù rí. Ibo ni kí n kó wọn lọ nígbà ọlidé?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Kí ẹ tó dé òkun, ẹ kọ́kọ́ yà sí Adó-Àwáyè, nítòsí Ìṣẹ́yìn. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 300 (orúnkún àgbà á sọ̀rọ̀!), àmọ́ adágún Ìyákẹ ń bẹ lórí àpáta lókè. Wọ́n ní ẹni tó bá wọ inú rẹ̀ kì í padà.

Ti òkun àti erékùṣù, Àgbádárìgì ni. Ẹ ó wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá ọ̀sà sí erékùṣù Gbẹ̀rẹ̀fú, ẹ ó sì fẹsẹ̀ rìn nínú iyanrìn, lójú ọ̀nà tí wọ́n gbà kó ẹrú lọ, títí ẹ ó fi kan Òkun Àtìláńtíìkì. Ìgbì ibẹ̀ le. Etí omi ni kí àwọn ọmọ ti ṣeré.