Àrùn Tí A Pè Ní Kògbóògùn àti Ẹ̀tọ́ Aláìsàn Lọ́wọ́ Jámáà

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba Aláàánú, Ẹni tí Ó dá ènìyàn tí Ó sì mọ àìlera rẹ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàábé rẹ̀ àti gbogbo ẹni tí ó tọ ipasẹ̀ wọn títí di ọjọ́ ẹ̀san. Ẹ̀yin ẹrú Ọlọ́hun, mo gba ara mi àti ẹ̀yin níyànjú pé kí á páyà Ọlọ́hun ní gbangba àti ní kọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ yẹ̀ wò ní Jímọ̀ òní kì í ṣe èyí tí a sábà máa ń gbọ́ lórí mínbárì. Ọ̀rọ̀ àwọn tí kòkòrò HIV wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn ni, àti ohun tí jámáà jẹ wọ́n. Mo fẹ́ ti ibi orúkọ bẹ̀rẹ̀. Kògbóògùn ni àwa Yorùbá sọ àìsàn yìí, nígbà tí a sì sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, òótọ́ ni. Ọdún 1986 ni ìròyìn àwọn àkọ́kọ́ tí wọ́n ní i jáde ní Nàìjíríà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1997, nígbà tí Fẹlá Aníkúlápó-Kútì kú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, tí ó ti jẹ́ mínísítà ètò ìlera rí, ló jáde sọ fún gbogbo ayé pé àìsàn tí àrùn yìí fà ni ó pa á. Ìgboyà ńlá ni ní àkókò tí ìdílé púpọ̀ ń fi òkú wọn pamọ́. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2006 ni ìjọba àpapọ̀ ti sọ oògùn àrùn náà di ọ̀fẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba. Àrùn ti ń gbóògùn. Orúkọ ni kò tíì yí padà lẹ́nu wa.

Ó yẹ kí á mọ bí nǹkan ṣe rí lónìí. Oògùn náà kì í lé kòkòrò jáde tán nínú ara, dídè ni ó ń dè é mọ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń gba ìtọ́jú kò lò ju hóró kan lọ lójúmọ́. Ẹni tí kò bá pa á jẹ yóò dé ibi tí àyẹ̀wò kò ní lè rí kòkòrò náà mọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá dúró síbẹ̀, kò lè kó o ran ọkọ tàbí aya rẹ̀ nípa ìbálòpọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ọwọ́ sí èyí. Ní ti aboyún, láìsí ìtọ́jú, ọmọ 15 sí 45 nínú 100 ló lè kó o lára ìyá rẹ̀. Pẹ̀lú ìtọ́jú tí ó péye, wọn kì í tó 5. Bíbọwọ́ kì í ràn án. Jíjẹun nínú àwo kan náà, lílo kẹ́tùlù àlùwàlá kan náà, dídúró ní ẹ̀gbẹ́ ara ẹni ní sàfù, ìkankan kì í ràn án.

Ìwádìí tí ìjọba ṣe láti ilé dé ilé ní ọdún 2018, tí wọ́n kéde èsì rẹ̀ ní 2019, fi hàn pé nínú 1,000 ènìyàn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 15 sí 49 ní Nàìjíríà, nǹkan bí 14 ló ní kòkòrò yìí. Kí mọ́ṣáláṣí kankan má rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ará ìta ni. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn lè wà ní sàfù kejì, kí ó máa gbọ́ mi báyìí, kí ó sì máa wo ilẹ̀.

Àwọn kan yóò ní ẹ̀ṣẹ̀ ló fà á. Ẹ jẹ́ kí á ṣọ́ra. Ọmọ tí a bí pẹ̀lú rẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ wo ni ó dá? Obìnrin tí ó jókòó sí ilé ọkọ rẹ̀, tí ọkọ gbé e wọlé fún un ńkọ́? Ànábì Ayyúbù ṣàìsàn ọdún gbọọrọ, Ọlọ́hun sì fi í ṣe àpẹẹrẹ onísùúrù. (Ìtàn ìdin tí àwọn oníwàásù kan máa ń fi kún tirẹ̀, àwọn onímọ̀ tí ó gbámúṣé kò gbà á.) Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni lóòótọ́, àárín ẹrú àti Olúwa rẹ̀ ni ìtúúbá wà, wọn kò fi wá ṣe agbowó-orí níbẹ̀. Ọmọ Yahúdì kan tí ó máa ń ṣe ìránṣẹ́ fún Ànábì wa ṣàìsàn, Ànábì sì dìde lọ bẹ̀ ẹ́ wò, ó jókòó síbi orí rẹ̀. Kò kọ́kọ́ wádìí ohun tí ó fa àìsàn náà.

Àwọn mìíràn máa ń mú àdíísì àjàkálẹ̀ àrùn wá, èyí tí Ànábì fi kọ̀ fún wa láti wọ ìlú tí àjàkálẹ̀ bá wà tàbí láti sá jáde níbẹ̀. Òtítọ́ ni àdíísì náà. Àrùn tí ń tàn ká láàárín ìlú ni ó wà fún. Èyí tí à ń sọ ń gba inú ẹ̀jẹ̀, ìbálòpọ̀, àti ara ìyá sí ọmọ. Ẹni tí ó bá fi àdíísì náà lé ayálégbé jáde ti gbé òfin síbi tí kì í ṣe tirẹ̀.

Bí oògùn bá wà lọ́fẹ̀ẹ́, kí ló dé tí àwọn ènìyàn ṣì ń kú? Wọ́n ń jáwọ́ nínú oògùn ni, tàbí kí wọ́n má tilẹ̀ lọ gbà á. Ẹnu wa wà lára ohun tí ó fà á. Ọ̀pọ̀ kì í gba oògùn ní ilé ìwòsàn tí ó sún mọ́ wọn, nítorí aládùúgbò lè rí wọn níbẹ̀. Wọn a wọkọ̀ lọ sí ìlú mìíràn. Lóṣù tí owó ọkọ̀ kò bá sí, oògùn náà kò ní sí. Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn tí a rò pé ọ̀fẹ́ ni, aláìsàn ló ń san owó rẹ̀. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, kì í ṣeé kó. Àmánà ni àṣírí àìsàn. Ànábì wa sì ti kọ́ wa pé ẹni tí ó bá bo àṣírí mùsùlùmí, Ọlọ́hun yóò bo tirẹ̀ ní ayé àti ní ọ̀run. Òfin ilẹ̀ wa náà fọwọ́ sí èyí: òfin ọdún 2014 kọ̀ kí á dẹ́yẹ sí ẹni tí ó ní HIV níbi iṣẹ́, ní ilé ẹ̀kọ́ tàbí ní àárín ìlú.

Èyí kan àwa tí ń so yìgì pẹ̀lú. Kò burú kí àfẹ́sọ́nà méjì ṣe àyẹ̀wò. Ẹni tí ó bá sì mọ̀ pé òun ní i gbọ́dọ̀ sọ fún ẹni tí ó fẹ́ fẹ́ kí yìgì tó so, nítorí ẹ̀tàn kò yẹ ìgbéyàwó. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ló ni èsì. Kì í ṣe ìwé tí à ń gbé kiri láàárín ìgbìmọ̀ àti àwọn àna.

Ọ̀rọ̀ tí ó kù yìí le, mo sì fẹ́ kí àwọn áfà ẹgbẹ́ mi gbọ́ ọ. Ẹni tí ó bá sọ fún aláìsàn pé kí ó ju oògùn sílẹ̀, kí ó máa mu hàntú nìkan, ẹ̀mí ènìyàn ni ó ń fi ṣeré. Ànábì pa wá láṣẹ pé kí á máa wá ìwòsàn. Ẹ tọrọ àdúà fún un, ẹ ka Kùránì sí i lára, kí ó sì máa gbé hóró oògùn rẹ̀ mì. Bí ó bá jáwọ́, kòkòrò náà yóò tún pọ̀ sí i, ó sì lè di èyí tí oògùn àkọ́kọ́ kò ràn mọ́. Ní ti àwẹ̀ Ramadan, ẹni tí ara rẹ̀ le, tí ó ń lo hóró kan lójúmọ́, lè lò ó ní ìdájí nígbà sààrì tàbí ní ìṣínu. Kí ó yan àkókò kan kí ó dúró lórí rẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ bá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, tàbí tí ara rẹ̀ kò le, kí ó bi dókítà rẹ̀ kí oṣù tó lé.

Àwọn mùsùlùmí ibòmíràn ti ṣe èyí ṣáájú wa. Ní Uganda, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn mùsùlùmí bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1992 láti kọ́ àwọn lèmọ́mù àti àwọn amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, tọkùnrin tobìnrin, tí wọ́n ń lọ láti ilé dé ilé. Iṣẹ́ náà yọrí débi pé ní 1998 àjọ UNAIDS kọ ìwé nípa rẹ̀ kí àwọn mìíràn lè fi kọ́gbọ́n. Ní Cape Town, àwọn mùsùlùmí dá ẹgbẹ́ kan tí wọ́n pè ní Positive Muslims sílẹ̀ ní ọdún 2000, fún àwọn ará wa tí wọ́n ní kòkòrò yìí tí wọn kò sì rí ibi jókòó sí láàárín jámáà.

Ìdí mìíràn wà tí ọ̀rọ̀ yìí kò fi ṣeé sún síwájú. Ètò PEPFAR ti ìjọba Amẹ́ríkà ti ń ru ẹrù ńlá nínú ìtọ́jú HIV ní Nàìjíríà láti nǹkan bí 20 ọdún. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, wọ́n dá owó ìrànwọ́ sí òkè òkun dúró. Wọ́n padà yọ̀ǹda fún oògùn tí ń dá ẹ̀mí sí, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí ó yí oògùn náà ká ló dúró: àwọn tí ń wá aláìsàn tí kò padà wá gboògùn, àwọn abiyamọ tí wọ́n ti la ọ̀nà náà kọjá tí wọ́n ń tẹ̀ lé aboyún tuntun lọ sí ilé ìwòsàn, àwọn tí ń kó ẹgbẹ́ aláìsàn jọ kí wọ́n lè gba ara wọn níyànjú. Iṣẹ́ yẹn kò nílò dókítà. Ó nílò ẹni tí ó lè pa ẹnu mọ́, tí ó sì ní owó ọkọ̀ lọ́wọ́.

Nínú àwọn mẹ́jọ tí Ọlọ́hun ka sàká fún, àwọn aláìní ló ṣáájú, aláìsàn tí kò rí owó ọkọ̀ sì wà lára wọn. Bí kò bá jẹ́ mùsùlùmí, sàdáákà kò ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Nítorí náà, ìgbìmọ̀ sàká mọ́ṣáláṣí wa ti gbà láti ya owó kan sọ́tọ̀ fún owó ọkọ̀ àti oúnjẹ àwọn tí ń gba ìtọ́jú, irú àìsàn yòówù kí ó jẹ́. A kò ní kọ orúkọ àìsàn sínú ìwé owó. Ènìyàn méjì péré, ọkùnrin kan àti obìnrin kan, ni yóò máa mọ ẹni tí ó gbà á. Àwọn tí ń wẹ òkú fún jànáásà yóò sì máa rí ìbọ̀wọ́ gbà fún gbogbo òkú, kí ẹnikẹ́ni má baà wo ọwọ́ wọn láti fi mọ ohun tí ó pa ẹni tí ó lọ.

Ẹni tí ó bá nílò ìrànlọ́wọ́ yìí, kí ó má dúró lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ nígbà tí èrò pọ̀. Láti ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́bọ̀, láàárín ìrun Àìlà sí Àlàásárì, ẹnìkan yóò wà ní yàrá ilé-kéwú tí ó wà lẹ́yìn ọgbà. Ibẹ̀ náà ni a ti ń gba ìwé owó ilé-kéwú àwọn ọmọdé, nítorí náà kò sí ẹni tí yóò mọ ohun tí o bá wá.