Átọ́ọ̀mù Kan Ṣoṣo àti Ìjókòó Rẹ̀

Àwọn àgbà ní igi kan kì í dá igbó ṣe. Ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì òde òní jẹ́rìí sí i.

Kátálíìsì ni ohun tí ń mú kí àwọn èròjà tètè yí padà, tí òun fúnra rẹ̀ kì í sì í tán. Irú rẹ̀ ni platinum, tí a ń fi sí ọ̀nà èéfín ọkọ̀ láti pa oró carbon monoxide, afẹ́fẹ́ aṣekúpani tí kò ní òórùn. Ṣùgbọ́n platinum wọ́n. Bí átọ́ọ̀mù rẹ̀ bá sì ṣù pọ̀, àwọn tí ó wà láàárín kì í rí iṣẹ́ ṣe.

Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ fi ń tú wọn ká ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Síbẹ̀, átọ́ọ̀mù tí kò rí ohun dì mú yóò tún lọ bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣù. Ní ọdún 2011, Tao Zhang àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Dalian, ilẹ̀ Ṣáínà, gbé platinum ka orí èròjà irin àti ọ́síjìn. Ọ́síjìn inú èròjà yìí di átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan mú. Ìjókòó náà kì í ṣe ẹní lásán: ó gba díẹ̀ nínú ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù platinum, platinum kò sì rọ̀ mọ́ carbon monoxide jù mọ́, iṣẹ́ wá yá.

Bí ìdè bá dẹ̀ jù, átọ́ọ̀mù yóò ṣí kúrò. Bí ó bá le jù, ó lè sọ ọ́ di aláìlágbára.

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde wa, bí ọmọ ti rí náà nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí á dì wọ́n mú níwọ̀n, kí ẹ̀bùn wọn lè ṣiṣẹ́.