Ṣé Wèrè Ni Fọ́ọ̀mù Yìí Ń Pè Mí?

ÌBÉÈRÈ: Akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ni mí, Ìsàlẹ̀ Èkó ni mo ń gbé. Wọ́n fún wa ní fọ́ọ̀mù GHQ-12, tí wọ́n fi ń wo ìlera ọkàn, níléèwé, mo gba 8 nínú 12, wọ́n ní ó ga. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn mi ò ti balẹ̀. Ṣé wèrè ló fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni?

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, o ṣeun tí o béèrè. O rí máàkì tó ga, o sì rò pé fọ́ọ̀mù ti dárúkọ àìsàn fún ọ. Kò dárúkọ àìsàn kankan.

O ti fi tẹ̀mómítà sí abíyá aláìsàn rí. Bó bá ka 39, o mọ̀ pé ara gbóná, ṣùgbọ́n kò lè sọ fún ọ bóyá ibà ni, táífọ́ọ̀dù ni, tàbí egbò ló kẹ̀. Bí fọ́ọ̀mù náà ṣe rí gan-an nìyẹn. Ìbéèrè 60 ló ní nígbà tí David Goldberg, dókítà ọpọlọ ará ìlú Ọba, gbé e jáde ní 1972. Ní 1991, Oyè Gureje ti Ìbàdàn tẹ àyẹ̀wò jáde lórí ẹ̀dà oníbéèrè 12 tó wà ní èdè Yorùbá.

Tún fọ́ọ̀mù náà kà. Ó ń béèrè oorun rẹ, ìpọkànpọ̀ rẹ àti inú rẹ tó ń bàjẹ́, bóyá ó ju bó ti máa ń rí lọ. Àyípadà ló ń wá. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ alẹ́ ní wọ́ọ̀dù, tí aláìsàn kú níṣojú rẹ̀, tí ìdánwò sì ń bọ̀, yóò yà mí lẹ́nu bí máàkì rẹ̀ kò bá ga. Ìdààmú ọkàn nìyẹn. Àmì wèrè, bíi kí èèyàn máa gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn ò gbọ́, fọ́ọ̀mù yìí kò tilẹ̀ béèrè rẹ̀.

Síbẹ̀, ibà tí kò lọ, a kì í fi sílẹ̀. Bí àìsùn àti ẹkún bá kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, wá dókítà. Bó bá ń ṣe ọ́ bíi kí o kú, má dúró rárá. Sọ fún ará ilé lónìí, kí wọ́n sìn ọ́ lọ sílé ìwòsàn. Bí wọ́n bá fẹ́ gbàdúrà, kí wọ́n gbà á. Kò dí ìtọ́jú lọ́wọ́.

Ilé ìwòsàn ọpọlọ Yábàá, tó ti wà láti 1907, kò jìnnà sí ọ, bí o bá ti kọjá Afárá Carter. Mo mọ bí orúkọ yẹn ṣe ń dún létí ọmọ Èkó. Ọ̀pọ̀ tó ń lọ síbẹ̀ ń rí dókítà, wọ́n sì ń padà sílé lọ́jọ́ kan náà. Mú fọ́ọ̀mù náà dání bí o bá ń lọ.